Pupa Wo Lẹ Ní Kí N Fi Kùn Ún?

Ẹni tó bá fẹ́ bú Ìbídùn lẹ́yìn tó bá ka ìtàn yìí tán, kó jọ̀ọ́ tò sẹ́yìn, ìlà ti gùn. Ọkọ rẹ̀ ló wà níwájú. Ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin ìjọ wọn méjì kan náà wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé àga wá.

Tíṣà ni Ìbídùn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọrin. Ọmọ Òmù-Àrán ni òun àti Jídé, ọkọ rẹ̀. Jídé ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn mọ́tò. Lọ́dún 1976, wọ́n ra Píjò 504 funfun kan. Orúkọ Ìbídùn ló wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní ọkọ̀ Jídé.

Ìyẹn ò dun Ìbídùn. Àwọ̀ ló ń dùn ún.

Jídé ló yan kọ́tìnì. Àwọ̀ ilẹ̀ ni. Jídé ló yan aṣọ àga. Àwọ̀ ilẹ̀ ni. Ọ̀dà ara ògiri ńkọ́? Àwọ̀ ilẹ̀. Bí àlejò bá wọ ilé wọn lọ́jọ́ tí òjò ṣú, á máa fọwọ́ wá àga kiri. "Ìdọ̀tí kì í hàn lára rẹ̀," ni Jídé máa ń wí, á sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ẹsẹ Bíbélì.

Fáàrí kan ṣoṣo tí Jídé ní láyé ni ríìmù. Ó ránni sí Kàdúná, wọ́n bá a ra ríìmù oníhò gbàgàdà-gbagada wá. Ó ní kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí bíréèkì ni. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ihò kì í yan ohun tí yóò fi han aráyé. Bíréèkì iwájú Píjò, àwo irin kan ni. Irin mìíràn tí wọ́n ń pè ní kálípà ló máa ń fún àwo náà mú, bí ọwọ́ alákàn, nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró. Kí ríìmù oníhò tó dé, ta ló mọ̀ pé kálípà ti dípẹtà? Ríìmù dé, ìpẹtà bọ́ síta. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, alàgbà ìjọ wọn tẹjú mọ́ ihò náà lójúde ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Jídé, kí ló kú síbí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Jídé lára. Ọjọ́ kejì ló ń lọ sí Kàdúná fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan. Ó ti gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Ìbídùn, gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Gàní. Kó ha ìpẹtà yẹn dànù, kó fi ọ̀dà pupa kùn ún."

"Pupa, Bàbá Fọlákẹ́?"

"Pupa. Kí erùpẹ̀ Ìlọrin má baà máa hàn lára rẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ ti ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ilẹ̀ pupa. Epo pupa. Ata pupa. Ẹ fọ́ ẹyin, inú rẹ̀ pupa. Ìbídùn fúnra rẹ̀, obìnrin pupa ni. Yorùbá kì í fi orúkọ ṣòfò; ẹyọ kan ni wọ́n fún gbogbo wọn, wọ́n ní kí wọ́n pín in láàárín ara wọn.

Àmọ́ Ìbídùn ti bá Jídé gbé pẹ́. Ó mọ pupa tí ọkọ rẹ̀ ń wí. Pupa ilẹ̀ ni. Pupa kọ́tìnì.

Àdúgbò Ṣàngó, ní Ìlọrin, ni ṣọ́ọ̀bù Gàní, mẹkáníìkì wọn, wà. Ọmọ Ìlọrin pọ́nńbélé ni Gàní, aláwàdà, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ìyàwó rẹ̀, Ràúdátù, tíṣà ni òun náà; kíláàsì rẹ̀ ló kángun sí ti Ìbídùn.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀ o!" ni Gàní wí. "Ẹ bá mi kí ọ̀gá. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọ́fíìsì wọn fẹ́ yan mẹkáníìkì tí yóò máa tún mọ́tò ìjọba ṣe. Bí ọ̀gá bá ti lè la ẹnu pé Gàní mọṣẹ́, ó parí. Wàláhì, kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò fi ṣàdúà."

"Ọlọ́run á gbà á. Wọ́n ní kó o ha kálípà yìí, kó o fi pupa kùn ún."

"Pupa wo?"

Gàní wọlé, ó gbé agolo ọ̀dà méjì jáde. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ èyí àkọ́kọ́, ó fi pa ara páànù kan. Àwọ̀ ilẹ̀ ni. Ọ̀dà náà jókòó jẹ́ẹ́ sára páànù bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì mìíràn bọ èkejì, ó fi pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí pupa fòò bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lóko. Kò jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń wo Ìbídùn.

"Èwo nínú méjèèjì, Àǹtí?"

Ìbídùn wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Mo tún bèèrè o. Ọ̀dà yìí, tó bá ti gbẹ, ó gbẹ nìyẹn. Pupa wo lẹ ní kí n fi kùn ún?"

Ọkàn kan ní, Ìbídùn, o mọ èyí tí ọkọ rẹ ń wí. Ọkàn kejì ní, ṣé ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́? Ọkàn kìíní tún fẹ́ fèsì. Ìbídùn ò dúró gbọ́ ọ. Ó na ìka sí èyí tó jọ ata.

"Èyí."

"Ṣé ọ̀gá ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá ní pupa. Ṣé eléyìí dúdú ni?"

Gàní bú sẹ́rìn-ín. "Eléyìí? Bó bá fi lè pupa jù báyìí lọ, àwọn panápaná la máa pè."

Ó kùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀dà ò kán sí àwo bíréèkì rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: inú Ìbídùn dùn. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, ríìmù ló ń yí, kálípà kì í yí. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á rí nǹkan pupa kan tó dúró gbọnin láàárín ohun gbogbo tó ń pòòyì. Ìbídùn wá iṣẹ́ fún ọkọ̀ náà. Ó wà á lọ sí Òkè-Òyì láti ra iṣu. Iṣu wà nílé. Ó wà á lọ sí ọjà Ìpata láti bèèrè iye tí wọ́n ń ta irú iṣu tó ti rà ní Òkè-Òyì. Níbẹ̀ ni àwọn tó ń já ẹrù lára lọ́rì ti rí i, tí wọ́n sì sọ ọkọ̀ lórúkọ.

"Olójú Pupa! Olójú Pupa ń kọjá lọ o!"

Ìbídùn juwọ́ sí wọn. Tíṣà ni wọ́n ń pè é níléèwé, Ìyá Fọlákẹ́ nílé. Kò sẹ́ni tó tíì sọ nǹkan kan tí Ìbídùn fúnra rẹ̀ yàn lórúkọ rí.

Jídé dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó jẹun, ó sùn, kò wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ní kí àwọn jọ lọ sí Ìpata lọ ra àgbàdo. Ìbídùn ní orí ń fọ́ òun. Jídé ní afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i lọ́nà.

Wọn ò tíì dúró dáadáa ní Ìpata tí ọkùnrin kan tó ru àpò ọkà fi pariwo.

"Olójú Pupa ti dé! Ẹ yà fún Olójú Pupa!"

Jídé tẹ bíréèkì. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó pupa, ó wo ọkùnrin náà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá aṣọ.

"Ta lò ń pè ní olójú pupa? Ìyàwó mi?"

"Háà, Bàbá, rárá o! Àlàáfíà la fẹ́. Ẹsẹ̀ mọ́tò yín là ń kí."

Jídé bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sínú ihò ríìmù. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣu kan fi bi í bóyá nǹkan rẹ̀ ló bọ́ síbẹ̀.

"Ìbídùn."

"Ẹ̀n, Bàbá Fọlákẹ́."

"Kí nìyí?"

"Pupa ni."

"Mo mọ̀ pé pupa ni!"

"Pupa náà lẹ sì ní."

"Pupa ilẹ̀ ni mo ní! Ṣé asáré-mọ́tò ni mí? Akọ̀wé ìjọ ni mí, Ìbídùn! Akọ̀wé ìjọ kì í ti inú táyà yọ ahọ́n sí aráyé!"

Àwọn èèyàn ti ń dúró wò wọ́n. Ẹlẹ́rù gbé àpò ọkà rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Bí Ìbídùn bá ti sọ níbẹ̀ pé "èmi ni mo yàn án," ìtàn ì bá tán, ẹ ò ní rí nǹkan kà. Ṣùgbọ́n ó rántí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kejì tó wà nínú báàgì rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ni Jídé máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ òun.

"Mo sọ pupa fún Gàní bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́," ni Ìbídùn wí. "Kò bèèrè irú pupa tó jẹ́. Òun ló yan èyí tó wù ú."

Ẹ tún un kà. Apá kan òótọ́, apá kan irọ́, ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ò sì hàn. Ẹ̀yin òǹkàwé, irú irọ́ yìí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Irọ́ gidi, ará ilé á mú un. Èyí tó wọ aṣọ òótọ́, wọ́n á fún un lága.

Láti Ìpata, Ṣàngó ni Jídé forí lé. Àgbàdo ò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́.

"Gàní! Nígbà tí ìyàwó mi ní pupa, ǹjẹ́ o bi í pé pupa wo?"

Gàní la ẹnu. Ojú rẹ̀ lọ sára Ìbídùn tó jókòó nínú ọkọ̀. Ìbídùn ń wo aago epo bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ìdánwò lórí rẹ̀.

Gàní tún pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Bóyá mi ò bèèrè."

"Bóyá! Ẹni tí ò lè bèèrè àwọ̀ lásán, ṣé òun ló máa bèèrè kó tó tú ẹ́ńjìnnì? Irú ìwọ ni kí n kó mọ́tò ìjọba lé lọ́wọ́? Ó di Ọjọ́rú. Gbogbo ọ́fíìsì ló máa gbọ́ pé Gàní kì í bèèrè."

"Ẹ jẹ́ kí n fi òmíràn kùn ún, ọ̀gá."

"Má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Ní Ṣàngó, ẹ pe mẹkáníìkì ní aláròyé, á bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ pè é ní ọ̀lẹ, á ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá pè é ní ẹni tí kì í bèèrè, ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ẹ sì ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà ìsinmi ráńpẹ́, Ràúdátù wọ kíláàsì Ìbídùn.

"Àǹtí Ìbídùn, ẹ kú iṣẹ́."

"Ràúdátù, ṣé dáadáa?"

"Kò dáa. Ọkọ mi bi yín àbí kò bi yín?"

"Ràúdátù, jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Bó bá jẹ́ pé kò bi yín, ẹ wí i, màá sì máa lọ. Ẹ ṣáà wí i."

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì rẹ̀.

"Lẹ́ẹ̀mejì ló bi yín. Mo ní kí ló dé tí ò sọ fún ọkọ yín. Ó ní ilé onílé ni, òun ò ní fi ẹnu òun tú u. Gàní o! Gàní tó jẹ́ pé ọbẹ̀ tí mo bá sè, gbogbo Ṣàngó á ti mọ̀ ọ́n kó tó hó! Òun ló pa ẹnu dé torí yín. Kí lẹ̀yin ṣe fún un?"

"Bí mo bá sọ ọ́, Bàbá Fọlákẹ́ á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní wakọ̀ mọ́."

"Kọ́kọ́rọ́." Ràúdátù wò ó látòkè délẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin ní kọ́kọ́rọ́. Orúkọ lọkọ tèmi ní. Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ gbà á."

Ó jáde.

Inú bí Ìbídùn. Ó bínú sí Ràúdátù tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bínú sí Jídé, ó bínú sí alàgbà tó yọjú wo ihò. Nígbà tí kò rí ẹni bínú sí mọ́, ó bínú sí ọ̀dà. Ó jáde lọ síbi tó gbé ọkọ̀ sí, kó lè wo kálípà náà kó sì bínú sí i dáadáa.

Ó wò ó. Ó ṣì dára.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Ó ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nínú agolo ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ ló wà.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, àwọn mẹkáníìkì tò sí àgbàlá ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò ìjọba sí. Gàní wà lára wọn, ó wọ agbádá tó fi ń lọ kírun Yídì. Ọ̀gá àgbà, Alhaji Abdulmumini, jókòó sábẹ́ ibòòji. Jídé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ti Gàní yìí, Alhaji," ni Jídé ń wí, "ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n kì í bèèrè. Ohun tó bá wù ú ló ń ṣe."

"Kì í bèèrè?" ni Alhaji wí. "Ìyẹn ò dáa o."

Gàní wolẹ̀. Bó ṣe ń wolẹ̀ ni Píjò funfun kan wọlé, ojú rẹ̀ pupa fòò nínú táyà. Ìbídùn bọ́ sílẹ̀.

Jídé yára pàdé rẹ̀. "Ta ló pè ọ́ wá síbí?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí."

"Padà sí iléèwé."

"Mò ń lọ. Alhaji, ẹ kú ìjókòó, sà. Ìyàwó Jídé ni mí. Gàní bèèrè."

"Ìbídùn, dákẹ́!"

"Lẹ́ẹ̀mejì ló bèèrè. Agolo méjì ló gbé síwájú mi. Ọkọ mi fẹ́ èyí tó jọ ilẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní kó fi èyí tó jọ ata kùn ún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé, mo purọ́ mọ́ ọn."

Ìbídùn rìn lọ sọ́dọ̀ Gàní, ó kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Gàní, mo fi orúkọ rẹ bo ara mi. Foríjì mí."

Ẹ̀rù ba Gàní ju ti ìgbà tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn án lọ. "Àǹtí, ẹ dìde! Wàláhì, mo ti foríjì yín, ẹ dìde, kí wọ́n má lọ ní mo tún ṣe nǹkan mìíràn!"

Alhaji Abdulmumini bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ mọ̀ pé ọkọ yín ò fẹ́ ẹ. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yàn án?"

"Ó wù mí ni, sà."

"Ó wù yín."

"Ó wù mí gan-an."

Alhaji dìde. Ó rọra rìn lọ síbi ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sínú ihò ríìmù. Jídé wo ọ̀run.

"Ó mà dáa o," ni Alhaji wí láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀. "Jídé, ó mà dáa."

Gàní ni wọ́n yàn. Alhaji ní ẹni tó bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, tó tún mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́, òun ò mọ ohun tí èèyàn tún ń wá.

Jídé na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. "Kọ́kọ́rọ́."

Ìbídùn kó o lé e lọ́wọ́. "Ó ń fà díẹ̀ sápá òsì," ó wí, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sí iléèwé.

Jídé wá ẹni tí yóò pa ọ̀dà náà rẹ́. Ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yòówù tó bá dé ní Ṣàngó, bó bá ti ní kí wọ́n fi pupa kùn ún, wọ́n á gbójú sókè tìyanu-tìyanu bí ẹni tí ò gbọ́ nǹkan kan rí: "Pupa wo, ọ̀gá?" Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á ní iṣẹ́ Gàní ni, àwọn kì í kó ọwọ́ bọ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, Jídé gbé ojú rẹ̀ lọ bá Gàní.

"Màá kùn ún, ọ̀gá," ni Gàní wí. "Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tójú mi rí, mi ò kùn mọ́tò tọkọtaya mọ́ láìgbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ẹ ní kí Àǹtí fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà."

Jídé dé ilé. Ìbídùn jókòó sórí àga aláwọ̀ ilẹ̀, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Jídé rojọ́ Gàní fún un látòkè délẹ̀.

"Nítorí náà, sọ pé o gbà."

"Mi ò gbà."

"Kí lo wí?"

"Irọ́ tí mo pa mọ́ Gàní, mo kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n tún kúnlẹ̀ lọ́la, màá kúnlẹ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́, mi ò jà. Ṣùgbọ́n pupa yẹn, Bàbá Fọlákẹ́, mo yàn án ni."

Ó ṣí ìwé mìíràn, ó ń bá máàkì rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Jídé wọ ọkọ̀, ó fọn fèrè. Ó ní kí Ìbídùn wọlé kí wọ́n má pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbídùn ní kó máa lọ, òun á fẹsẹ̀ rìn.

"Kí ló dé tó o fẹ́ fẹsẹ̀ rìn nígbà tí ọkọ̀ wà?"

"Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀," ni Ìbídùn wí, "kì í rí kálípà."